Líle àti Yíyi: Lámèyítọ́ lórí Èdè tí ó Ń Ṣàlàyé Ooru, Agbára àti Fífọ́ Àdàpọ̀ Fọ́nrán Kábọ́nù, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Etíkun Àgbádárìgì

1. ÌFÁÀRÀ

Ní Àgbádárìgì, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọkọ̀ onígi àti ọkọ̀ fáíbà jọ ń gúnlẹ̀ sí etí ọ̀sà kan náà. Bí ọkọ̀ onígi bá ní àléébù, èdè ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un: pákó lè là, ó lè ṣẹ́, ó lè jẹrà, ìṣó rẹ̀ lè yọ. Bí ọkọ̀ fáíbà bá ní àléébù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu: ó ti fọ́. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé, ṣé èdè Yorùbá ni kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó fún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ni, tàbí àwọn tí ń kọ èdè náà sílẹ̀ ni kò tíì wá ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ó wà?

Fáíbà tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ní etíkun náà, fọ́nrán dígí tí wọ́n fi oje lẹ̀ pọ̀ ni. Ìbátan rẹ̀ tí ó lágbára jù ú lọ ni àdàpọ̀ fọ́nrán kábọ́nù, èyí tí wọ́n ń lò fún ara bàálù, ọkọ̀ ìdíje àti apá ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná. Ohun tí ooru àti òtútù ń ṣe fún ọ̀kan jọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún èkejì, nítorí pé fọ́nrán inú oje ni àwọn méjèèjì. Fún ìdí èyí, fọ́nrán kábọ́nù ni iṣẹ́ yìí yóò fi ṣe òpó, ọkọ̀ fáíbà ni yóò sì fi ṣe ẹ̀rí.

Èrò tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ti ya oríṣiríṣi ìbàjẹ́ sọ́tọ̀ kí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní tó dé, àti pé àwọn tí ń ṣe èdè-ìperí ti sọ ọrọ̀ yìí nù nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n ń wá.

2. ÀWỌN IṢẸ́ TÍ Ó TI WÀ NÍLẸ̀

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọn kò tíì gbìyànjú láti fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ní èdè Yorùbá. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde. Ní 1990 ni apá kejì tẹ̀lé e lábẹ́ ọwọ́ Ọládélé Awóbùlúyì. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn ìwé méjèèjì yìí gbájú mọ́. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ní lọ́kàn láti ṣe, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá kò sì lè gbàgbé oore wọn.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó yẹ kí lámèyítọ́ tọ́ka sí nínú àṣà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi lélẹ̀. Èkíní ni pé ìwé atúmọ̀ a máa to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí apá òsì, a sì máa wá ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá ọ̀tún. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹyọ kan náà ni ti Yorùbá yóò jẹ́, ìbáà ṣe pé Yorùbá ti ní márùn-ún. Èkejì ni pé ohun èlò kò rí àyè tí ó tó. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè mọ orúkọ tí ẹ̀kọ́ gírámà ń jẹ́ ní èdè rẹ̀, kí ó má sì mọ bí yóò ti fi èdè náà sọ ìdí tí ike inú oòrùn fi ń rọ̀ tí ti inú yìnyín fi ń fọ́.

3. ÌWÀ ÀDÀPỌ̀ FỌ́NRÁN KÁBỌ́NÙ NÍNÚ OORU ÀTI ÒTÚTÙ

Kí ìdájọ́ lórí èdè tó wáyé, ó yẹ kí ohun tí èdè fẹ́ sọ fara hàn. Fọ́nrán kábọ́nù kò ṣàjèjì tó bí ó ti ń dún. Ní 1879 àti 1880, Thomas Edison sun òwú àti ọparun di èédú láti fi ṣe okùn inú gílóòbù iná. Ti òde òní yàtọ̀ sí ìyẹn: ní 1961 ni Akio Shindo ní Japan ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè sọ òwú àtọwọ́dá kan di fọ́nrán kábọ́nù, láìpẹ́ sí i ni àwọn onímọ̀ ní Farnborough ní Ìlú Ọba sì mú un lágbára sí i. Ẹyọ fọ́nrán kan kò nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá irun orí lọ, síbẹ̀ bí wọ́n bá fà á, ó lágbára ju irin lásán lọ ní ìlọ́po mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sì wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́rin irin.

Fọ́nrán nìkan kò ṣe é fi kan ohunkóhun. Oje ni ó so ó pọ̀. Oje epoxy ni ó wọ́pọ̀ jù. Wọn a to fọ́nrán ní ìpele-ìpele, wọn a fi oje rin ín, wọn a sì fi ooru mú oje náà gan, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìwọ̀n 120°C tàbí 180°C. Láti ìgbà náà lọ, ara méjì ni ó ń gbé nínú ohun kan. Ooru kò sì bá àwọn méjèèjì lò bákan náà.

Fọ́nrán kò bẹ̀rù ooru púpọ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá dé, ó lè pa agbára rẹ̀ mọ́ ju 1000°C lọ; níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó díẹ̀díẹ̀ láti nǹkan bí 400 sí 500°C. Oje ní tirẹ̀ ní ìwọ̀n kan tí ó bá ti kọjá rẹ̀ ni yóò dẹ̀, tí yóò sì máa ṣe bíi rọ́bà. Iṣẹ́ yìí pe ibẹ̀ ní ìwọ̀n ìdẹ̀. Bí àdàpọ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n ìdẹ̀, tí wọ́n sì fà á ní ọ̀nà tí fọ́nrán gbà sùn, agbára tí ó kù máa ń pọ̀ díẹ̀, nítorí fọ́nrán ni ó ń gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tì í láti orí dé ìdí, agbára náà yóò dín kù gidigidi: oje tí ó yẹ kí ó di fọ́nrán mú kí ó má tẹ̀ ti dẹ̀, fọ́nrán yóò sì tẹ̀, yóò ká. Bákan náà ni bí wọ́n bá fa ìpele kan síwájú tí wọ́n fa èkejì sẹ́yìn.

Omi ń dá kún ọ̀ràn náà. Oje a máa fa ọ̀rinrin mu díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti mu ún, ìwọ̀n ìdẹ̀ rẹ̀ yóò wálẹ̀. Ohun tí ó lè fara da ooru kan nígbà tí ó gbẹ lè má fara dà á mọ́ nígbà tí ó bá rin.

Òtútù ní ìṣòro tirẹ̀. Bí àdàpọ̀ bá ń tutù láti ìwọ̀n tí ó ti gan, oje fẹ́ sún kì púpọ̀, ṣùgbọ́n fọ́nrán kábọ́nù kì í sún kì ní gígùn rẹ̀. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń gùn sí i níwọ̀nba. Ìjà abẹ́lẹ̀ ni èyí: oje ń fà, fọ́nrán kò gbà. Bàálù tí ń fò ní nǹkan bí kìlómítà 11 lókè ń bá òtútù tí ó tó -55°C pàdé. Nínú òtútù, oje le sí i, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún un láti sán. Ní oṣù Kọkànlá 1999, àgbá ńlá tí wọ́n fi àdàpọ̀ fọ́nrán kábọ́nù ṣe fún ọkọ̀ òfuurufú X-33 bàjẹ́ níbi ìdánwò kan ní Alabama lẹ́yìn tí wọ́n ti rọ háídírójìn olómi tí ó tutù tó -253°C sí i. Ara inú rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́, háídírójìn gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí àgbá náà ń padà gbóná, agbára ohun tí ó há sínú mú kí ara ìta bó kúrò.

4. ÀFIWÉ MẸ́TA ÀTI ÀLÉÉBÙ WỌN

Nígbà tí Yorùbá bá ń ronú nípa ooru àti agbára, àfiwé mẹ́ta ni ó sún mọ́ ọn jù.

Àfiwé kìíní ni ti alágbẹ̀dẹ. Iná àti ẹwìrì a máa mú irin rọ̀, ọmọ owú a sì tẹ̀ ẹ́ bí ó ti fẹ́. Bí ó bá tutù, yóò padà le. Àfiwé kejì ni ti amọ̀kòkò. Amọ̀ tútù rọ̀, iná ni ó sọ ọ́ di líle, kò sì lè padà di amọ̀ mọ́. Àwọn méjèèjì kún fún ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ara kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo irin ni ó rọ̀ pọ̀. Gbogbo ìkòkò ni ó le pọ̀. Ẹni tí ó bá fi ojú alágbẹ̀dẹ wo àdàpọ̀ yóò rò pé bí kò bá tíì rọ̀ lójú, kò sí ewu. Ẹni tí ó bá fi ojú amọ̀kòkò wò ó yóò rò pé bí iná bá ti mú un gan lẹ́ẹ̀kan, iná kò lè ṣe é ní nǹkan mọ́. Àwọn méjèèjì yóò ṣìnà.

Àfiwé kẹta ni òṣùṣù ọwọ̀. Ẹyọ ọwọ̀ kan kò ṣòro láti ṣẹ́. Òṣùṣù rẹ̀ ni ó le. Àfiwé yìí sún mọ́ òtítọ́ ju àwọn méjì ìṣáájú lọ, nítorí ó ya ohun tí wọ́n dì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n fi dì í. Bí okùn ìdí ọwọ̀ bá dẹ̀, kò sí ẹyọ kan tí ó ṣẹ́, síbẹ̀ ọwọ̀ kò lè gbálẹ̀ mọ́. Ohun tí ooru ń ṣe fún àdàpọ̀ nìyí gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà níbẹ̀: okùn ọwọ̀ wà ní ojú kan, oje wà níbi gbogbo. Bí ẹyọ ọwọ̀ kan bá ṣẹ́, kò lè gbé ẹrù rẹ̀ lé èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú àdàpọ̀, oje ni ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ fọ́nrán tí ó já, tí ó sì ń pín in fún àwọn tí ó kù.

Etíkun Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ pèsè àfiwé tí ó dára ju èyí lọ. Ilẹ̀ àgbọn ni. Láti ìgbà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti dá oko sílẹ̀ ní Topo ní 1876 ni àgbọn ti wà lára ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀, àgbọn sì ṣì ni òkìkí agbègbè náà. Nínú èèpo àgbọn, fọ́nrán tí ó yi wà, ohun rírọ̀ bí ìyẹ̀fun ni ó sì yí i ká níbi gbogbo. Ẹni tí ó bá rẹ èèpo náà sómi kí ó lè yọ fọ́nrán rẹ̀ láti fi ṣe okùn tàbí ẹní àtẹ́lẹsẹ̀ ti mọ ohun tí onímọ̀ àdàpọ̀ mọ̀: ohun ìdìmú ni omi ń kọ́kọ́ bá jà, kì í ṣe fọ́nrán. Ohun ìyanu ni pé ìwé ẹ̀kọ́ a máa fo irú àfiwé tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà yìí lọ bá ti irin.

5. Ọ̀RỌ̀-ÌṢE ÀTI ORÍṢIRÍṢI ÌBÀJẸ́

Àwọn gbólóhùn wọ̀nyí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá:

(1) a. Okùn já.
b. Igi ṣẹ́.
d. Igi là.
e. Ìkòkò fọ́.
ẹ. Ògiri sán.
f. Ọ̀dà bó.
g. Aṣọ ya.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé *okùn fọ́ tàbí *ìkòkò já. Olùwà ni ó ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe, ohun tí ó sì ń fi yàn án ni bí ohun náà ti ń gba ìparun: já jẹ́ ti ohun tí wọ́n fà; ṣẹ́ jẹ́ ti ohun gígùn tí wọ́n tẹ̀ kọjá agbára rẹ̀; là ń tẹ̀lé ọ̀nà ìṣù igi; fọ́ ń sọ ohun di wẹ́wẹ́; sán kò tíì ya ohun sí méjì; bó ń ṣí ìpele kúrò lórí ìpele.

Àdàpọ̀ fọ́nrán kábọ́nù lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà:

(2) a. Fọ́nrán já (nígbà tí wọ́n fà á).
b. Fọ́nrán tẹ̀, ó ká (nígbà tí wọ́n tì í, tí oje sì ti dẹ̀).
d. Fọ́nrán yọ kúrò nínú oje.
e. Oje sán.
ẹ. Ìpele bó kúrò lára ìpele.

Orí (2) ni iṣẹ́ yìí dúró lé. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí wọ́n yá, kò sì sí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìwé tí ó bá kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ "fífọ́" ti sọ ohun tí èdè ti yà sọ́tọ̀ di ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ agbára. Le àti yi kì í ṣe ohun kan náà. Ìkòkò le, ṣùgbọ́n kò yi. Pọ̀nmọ́ yi, ṣùgbọ́n kò le. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ méjì yìí lọ́wọ́ lè fi gbólóhùn kan sọ ohun tí ó ṣòro jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí: lọ́pọ̀ ìgbà, ooru níwọ̀nba a máa dín líle oje kù, a sì máa fi kún yíyi rẹ̀, òtútù a máa fi kún líle, a sì máa dín yíyi kù. Ẹni tí ó bá ní "agbára" nìkan yóò béèrè bóyá ooru ń fi kún un ni tàbí ó ń dín in kù, kò sì ní rí ìdáhùn tí ó tọ́.

Ibi tí èdè kò tíì tó ni orúkọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n. "Ìwọ̀n ooru" dára fún ara aláìsàn, ṣùgbọ́n ó di àwàdà nígbà tí ìwọ̀n náà bá jẹ́ -253. "Ìgbóná-òun-ìtutù" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbè sẹ́yìn ìhà kankan.

6. OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ EWU NÍ ETÍKUN

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀. Ooru afẹ́fẹ́ ní Àgbádárìgì kì í sábà ga ju 35°C lọ, ṣùgbọ́n ohun dúdú tí wọ́n sá sí oòrùn lè gbóná ju 60°C lọ. Oje polyester tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ní agbedeméjì 60 sí 80°C. Bí ó bá tún ti mu omi ọ̀sà, ìwọ̀n náà yóò sún mọ́lé sí i. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí ọkọ̀ fáíbà fi máa ń dára ní àwọ̀ funfun ju dúdú lọ.

Ọ̀rọ̀ sán ni ó léwu jù níbẹ̀. Nípa ti ògiri, sísán jẹ́ ohun kékeré. Ènìyàn lè gbé inú ilé bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Bí wọ́n bá gbé ìwúwo kékeré yẹn lọ sórí ọkọ̀, wọn yóò ní "ó kàn sán ni". Ṣùgbọ́n òwe kan ti ṣe àtúnṣe sí èyí: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Sísán kì í ṣe òpin, ọ̀nà àbáwọlé ni. Omi ni aláǹgbá inú ọkọ̀ fáíbà. Háídírójìn ni aláǹgbá inú àgbá X-33.

Bíbó náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2023, ọkọ̀ abẹ́ omi Titan, tí ara rẹ̀ jẹ́ àdàpọ̀ fọ́nrán kábọ́nù, parun pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún bí ó ti ń lọ sí ibi tí Titanic rì sí, níbi tí omi jìn tó nǹkan bí mítà 3,800. Ìwúwo omi ni ó pa á rẹ́, kì í ṣe ooru. Ṣùgbọ́n ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tí ó jáde ní 2025 fi hàn pé ìpele ara rẹ̀ ti bó lẹ́yìn ìrìnàjò kan ní oṣù Keje 2022, tí ariwo ńlá bá a rìn, wọ́n sì tún ń lò ó. Ìwádìí náà mẹ́nu ba títọ́jú tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ìta gbangba nínú òtútù Kánádà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá sọ pé Titan "bú gbàmù" ti sọ òdì ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ó fọ́ sínú ni. Ẹni tí ó bá sọ pé "ó fọ́" nìkan ti fi ọdún kan tí ó ti bó kí ó tó fọ́ pa mọ́.

Ìwọ̀n èdè tí alátùn-únṣe ọkọ̀ àti onímọ́tò ojú omi bá jọ ní ni ìwọ̀n ohun tí wọ́n lè jọ pinnu. Èyí tí ó sán, wọn a dí i. Èyí tí ó bó, wọn a há a dé ibi tí ó mọ́, wọn a tún un lẹ̀. Èyí tí fọ́nrán rẹ̀ ti já kọjá ààlà, ó yẹ kí èrò má wọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé ìpinnu mẹ́ta.

7. ÀTAKÒ

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ní ìtumọ̀ púpọ̀ jù. Orí a máa fọ́ ènìyàn. Àrá a máa sán. Ọ̀nà a máa là. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n olùwà ni ó ń yanjú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ "oje sán" tí yóò wo ojú ọ̀run.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ. Èdè Yorùbá nìkan kọ́ ni wọ́n ń sọ ní Àgbádárìgì. Ègùn ni èdè abínibí ọ̀pọ̀ àwọn apẹja àti atukọ̀ ibẹ̀. Iṣẹ́ èdè-ìperí tí ó bá jókòó sí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ tí ó sì rò pé òun ti sọ̀rọ̀ fún etíkun ti tan ara rẹ̀. Ìdáhùn tí ó tọ́ kì í ṣe láti dákẹ́, bí kò ṣe láti kó ọ̀rọ̀-ìṣe Ègùn jọ ní ọ̀nà kan náà, kí wọ́n sì gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Àtakò kẹta ni pé yíyá ọ̀rọ̀ rọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni, fún ohun tí kò ní ìrírí ní ilé. Kò sí ìtìjú nínú kábọ́nù tàbí fáíbà. Ṣùgbọ́n bíbó kì í ṣe àlejò.

8. ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìwà àdàpọ̀ fọ́nrán kábọ́nù nínú ooru àti òtútù jẹ́ ìwà ara méjì, àti pé àfiwé irin àti ti ìkòkò kò lè gbé e. Èèpo àgbọn sún mọ́ ọn jù. Ó ti fi hàn pé já, tẹ̀, yọ, sán àti bó, pẹ̀lú le àti yi, tó láti ṣàlàyé ìbàjẹ́ àti agbára rẹ̀ láìyá ọ̀rọ̀. Ó sì ti tọ́ka sí ibi tí àìní wà ní tòótọ́, èyí tí í ṣe orúkọ fún ìgbóná-òun-ìtutù.

Ohun tí ó kù fún àwọn tí yóò tún ìwé èdè-ìperí ṣe ni láti dá àtòjọ ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀, olùwà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbàjẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n tó wá ọ̀rọ̀-orúkọ tí yóò bá a mu. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìkójọ náà ní èbúté, lọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ọwọ́ pa ara ọkọ̀ láti mọ ibi tí ó ti bó.